Ẹ Gbé Tẹ̀tẹ̀ Yín Wá Sórí Tábìlì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ìpàtẹ Òdòdó àti Ẹ̀fọ́ Ọdọọdún

Bí oṣù Keje bá ti ń wọlé báyìí, àwọn èèyàn wa tó ní allotment, ìyẹn ilẹ̀ ọgbà kékeré tí káńsù ń yáni, ní Lọ́ńdọ̀nù a bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù. Àwọn mìíràn á dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ìpàtẹ tí ẹgbẹ́ ọlọ́gbà máa ń ṣe lọ́dọọdún yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣé àwa náà lè gbé nǹkan lọ? Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé irè oko lọ sí ti àdúgbò wa, mo sì ti wà lára àwọn tó ń to tábìlì. Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á ní ìrọ̀rùn.

Kí ni ìpàtẹ yìí gan-an?

Ẹni tó bá ti rí ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ti rí ìbátan rẹ̀. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń to iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti àgbàdo síwájú pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ ti ìpàtẹ yìí, ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni: tábìlì àlùbọ́sà wà lọ́tọ̀, ti kárọ́ọ̀tì lọ́tọ̀, ti òdòdó lọ́tọ̀, ti kéèkì àti jáàmù lọ́tọ̀. Adájọ́ á yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi káàdì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Gbọ̀ngán àdúgbò, gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tàbí abẹ́ àgọ́ ńlá lórí pápá ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọjọ́ Sátidé kan ló sábà máa ń jẹ́, láàárín ìparí oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbà tí irè oko pọ̀ jù ní Ìlú Ọba.

Àṣà náà ti pẹ́. Ní ìlú York, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ òdòdó tí wọ́n ń pè ní Ancient Society of York Florists ti wà láti 1768. Ní abúlé Egton Bridge ní Yorkshire, láti 1800 ni wọ́n ti ń gbé gooseberry sórí òṣùwọ̀n, ní Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ. Èso tó jẹ́ pé bí ẹ bá bá a lórí igi lásán, kò ju èso àjàrà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ẹyọ kan tó jẹ́ gíráàmù 64.83 ní 2019, kò sì sí èyí tó tóbi tó o lágbàáyé nígbà yẹn. Ní àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakùsà èédú ni wọ́n sọ leek, ẹ̀fọ́ tó jọ àlùbọ́sà eléwé, di ohun ìdíje. Ọkùnrin tó ti lo ojúmọ́ nínú ihò ilẹ̀ á jáde, á bomi rin leek rẹ̀ kó tó lọ jókòó. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìpàtẹ náà nìyẹn: iṣẹ́ ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe Chelsea tí a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni?

Ẹbí ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Chelsea, ìpàtẹ òdòdó ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Horticultural Society tí a ń pè ní RHS ló ń ṣe é, láti 1913 ni ó sì ti wà ní Chelsea. Ọkùnrin méje ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìwé Hatchards ní Piccadilly, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1804. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọgbà ló ń gbé nǹkan lọ síbẹ̀. Ti àdúgbò ni ti wa. Bí ẹ bá gbin tòmátì mẹ́fà tó dọ́gba, ẹ lè díje.

Ó di dandan kí n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bí?

Àwọn ẹgbẹ́ kan gba ẹnikẹ́ni láyè, àwọn kan fi kíláàsì díẹ̀, ìyẹn ìsọ̀rí ìdíje, sílẹ̀ fún àlejò, àwọn mìíràn gba ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Owó ẹgbẹ́ kì í pọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wọlé, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ló ń rí irúgbìn rà ní ẹ̀dínwó, òun náà ló sì ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí yóò wà lórí tábìlì lọ́dún tó ń bọ̀. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mi ò ní ilẹ̀ rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ fún allotment lọ́dọ̀ káńsù yín lónìí. Òfin 1908 ló fi ìpèsè ilẹ̀ yìí sọ́rùn ọ̀pọ̀ káńsù níbi tí àwọn ará ìlú bá ti ń béèrè fún un. Ilẹ̀ kan ní kíkún jẹ́ rod mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 250, ṣùgbọ́n ìdajì ni ọ̀pọ̀ ń gbà báyìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè dúró fún ọdún mélòó kan kí ó tó kàn yín. Ẹ má jókòó kẹ́ ẹ máa wòran títí dìgbà yẹn. Ìyá kan nínú ìjọ wa ń gbé ní àjà kẹrin, kò ní ju etí fèrèsé méjì lọ, ata rodo tó sì gbìn sínú ìkòkò gba ipò kejì.

Kí ni ìwé ìlànà tí gbogbo yín ń tẹnu mọ́?

Wọ́n ń pè é ní schedule. Òun ni òfin ìpàtẹ. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà kíláàsì kọ̀ọ̀kan wà àti iye tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé wá: àlùbọ́sà márùn-ún, pòtétò mẹ́rin, tòmátì mẹ́fà, òdòdó dahlia mẹ́ta nínú ìgò kan. Bí wọ́n bá kọ márùn-ún, márùn-ún náà ni. Bí wọ́n bá ní oríṣi kan, ẹ ò gbọ́dọ̀ pa oríṣi méjì pọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú yín.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, àlùbọ́sà mi dára gan-an, èèpo rẹ̀ ń dán bí idẹ. Ìwé ní kí a gbé márùn-ún wá. Nígbà tí mo tò wọ́n tán, ẹyọ kan ṣẹ́ kù nínú apẹ̀rẹ̀. Mo wò ó, ó ṣe mí bíi pé kò yẹ kó padà sílé, mo bá gbé e lé àwọn yòókù. Nílé wa, ènì ni ọlọ́jà fi ń fa oníbàárà mọ́ra. Ọwọ́ ìyá mi kì í ya ènì, èmi náà ò sì mọ̀ pé ibì kan wà tí ènì ti ń ba ọjà jẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ní aago méjì ọ̀sán, mo bá káàdì kékeré kan níwájú àlùbọ́sà mi, lẹ́tà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: N.A.S. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí mo gbé wá kò bá ìwé ìlànà mu. Adájọ́ kò tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn tí yóò yẹ̀ wò.

Inú mi bàjẹ́ débi pé mo ti fẹ́ kó ẹrù mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé àlùbọ́sà wá láti ọdún gbọọrọ ló pè mí sẹ́yìn, ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka sí ìlà tí wọ́n kọ márùn-ún sí, ó ní òun náà gba irú káàdì yẹn rí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ka ìwé ìlànà: lọ́jọ́ tí mo bá gbà á, lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá ń kórè, àti níwájú tábìlì kí n tó yísẹ̀ padà.

Kí ni adájọ́ ń wò? Ṣé èyí tó tóbi jù ló ń borí?

Rárá o. Èyí ló máa ń ya àwa ará ilé lẹ́nu jù. Ní ọjà wa, iṣu tó bá sanra ni ojú ń lọ sí. Níbí, dídọ́gba ni nǹkan àkọ́kọ́. Àlùbọ́sà márùn-ún gbọ́dọ̀ rí bí ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà: ìwọ̀n kan, àwọ̀ kan, ìrísí kan. Bí mẹ́rin bá tó ìkúùkù ọmọdé tí ìkarùn-ún sì tó orí, ìkarùn-ún yẹn ti ba tàwọn yòókù jẹ́. Lẹ́yìn dídọ́gba ni wọ́n ń wo bó ṣe tútù tó, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, bóyá ọgbẹ́ wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, àti títóbi tó bá irú rẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ àlùbọ́sà márùn-ún fi ń gbin ọgọ́ta.

Adájọ́ kì í fi ojú nìkan ṣiṣẹ́. Mo ti rí èyí tó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn àlùbọ́sà láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Á ṣẹ́ runner bean kan sí méjì kó gbọ́ bó ṣe dún. Èyí tó bá ní fọ́nrán nínú kì í dún. Á gbé ẹ̀wà peas sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó lè ka hóró inú rẹ̀ láìbó o.

Àwọn adájọ́ tó ń tẹ̀lé ìlànà RHS tún ní máàkì fún ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe ṣòro tó láti gbìn kó pé pérépéré. Àlùbọ́sà ńlá, kárọ́ọ̀tì gígùn àti pòtétò lè gba 20, tòmátì 18, beetroot 15, courgette 12, radish 10 péré. Nínú kíláàsì olóríṣi kan, èyí kò já mọ́ nǹkan kan, torí radish pẹ̀lú radish ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé oríṣi mẹ́ta jọ sínú àwo kan, ẹni tó bá mú radish ti fi máàkì mẹ́wàá sílẹ̀ kó tó jáde nílé.

Fún àwọn tó fẹ́ràn ńlá, kíláàsì òṣùwọ̀n wà lọ́tọ̀. Níbi ìpàtẹ ìgbà ìwọ́wé ti Harrogate ní 2023, Gareth Griffin láti Guernsey gbé àlùbọ́sà kan wá tó wọn kílò 8.97. Ó wúwo ju ìkókó méjì lọ. Èmi ò bá wọn du ìyẹn. Àlùbọ́sà márùn-ún tó dọ́gba ló ń dá mi lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe ń tún àlùbọ́sà ṣe fún tábìlì?

Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìpàtẹ kí ẹ tó wú u. Ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí òjò kò sì lè dé. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ ṣí èèpo tó ti ya kúrò, àmọ́ ẹ má ṣe bó o títí ara funfun á fi yọ. Adájọ́ mọ èyí tí wọ́n bó ní àbójù. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ìdí.

Ọrùn ló wá kù. Ẹ gé ewé gbígbẹ, kí ọrùn ṣẹ́ kù bí ìbú ìka mẹ́ta. Ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ẹ mú okùn ìko, èyí tí wọ́n ń pè ní raffia ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́gbà, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kó lè rọ̀. Ẹ wá we é mọ́ ọrùn náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìlà kan sún mọ́ èkejì pẹ́kípẹ́kí, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń fi òwú di irun. Ẹ fi ìdí okùn náà bọ abẹ́ rẹ̀ kó má bàa yọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é tó dára, ọwọ́ mi kàn ń rántí ni: láti kékeré ni mo ti ń di irun àwọn àbúrò mi. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ bi mí níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo fi fọ́tò irun òwú hàn án, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Kí ẹ gbé ìkọ̀ọ̀kan lé orí òrùka tí a gé lára páìpù omi kó má bàa yí. Kíláàsì kan wà fún àlùbọ́sà tí kò ju gíráàmù 250 lọ. Òun ni mo máa ń gba àwọn olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú láti mú, torí kò béèrè ilẹ̀ ńlá. Ẹ mú òṣùwọ̀n ilé ìdáná yín dání. Gíráàmù kan lé, ó ti jáde. Fún shallot, àlùbọ́sà kékeré tí wọ́n ń fi sínú kíkan, òrùka oníwọ̀n mìlímítà 30 ni adájọ́ ń fi wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò bá bá a kọjá ti tóbi jù.

Kárọ́ọ̀tì, pòtétò àti tòmátì ńkọ́?

Kárọ́ọ̀tì gígùn tí ẹ ń rí níbẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ilẹ̀ lásán. Inú àgbá tí wọ́n bu iyanrìn kún ni wọ́n ti ń gbìn ín. Wọ́n á fi irin gún ihò sínú iyanrìn náà, wọ́n á da ilẹ̀dú tí wọ́n ti jọ̀ sínú ihò, wọ́n á gbin irúgbìn sójú rẹ̀. Ọgbọ́n ebè náà ni: ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ ni gbòǹgbò ń gbà lọ. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, ẹ má fà á láti òkè sí ìsàlẹ̀, torí ìlà ni yóò fi sílẹ̀ lára rẹ̀.

Pòtétò, kànrìnkàn rírọ̀ àti omi tó pọ̀. Ẹ wé e sínú bébà, kí ẹ sì da aṣọ bò ó lórí tábìlì títí wọ́n á fi ní kí ẹ jáde, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń sọ èèpo rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Tòmátì gbọ́dọ̀ ní adé ewé rẹ̀ lórí, tútù yọ̀yọ̀. Èyí tí kì í ṣe kékeré, nǹkan bí mìlímítà 60 níbùú ni wọ́n fẹ́. Peas ní lẹ́búlẹ́bú funfun kan lára, ẹ má fọwọ́ kàn án, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e. Runner beans tó bá tẹ̀, ẹ wé e mọ́ inú aṣọ tútù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tẹ́ ẹ kó tọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́ á ti gbọ́ràn.

Ṣé ààyè wà fún tẹ̀tẹ̀, ata rodo àti ewúro?

Ààyè wà. Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà, ẹ máa rí kíláàsì kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá: any other vegetable, ìyẹn ẹ̀fọ́ mìíràn tí wọn kò dárúkọ lókè. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wa. Ata rodo tiẹ̀ lè wọ kíláàsì ata bí ó bá wà. Àmọ́ mi ò gbà pé ó tọ́ kí a fi gbogbo oúnjẹ wa há sí igun kan. Bí tẹ̀tẹ̀ bá ń bá àgbàdo du ipò kan ṣoṣo, níwájú adájọ́ tí kò jẹ tẹ̀tẹ̀ rí, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó dára? Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé tẹ̀tẹ̀ lọ sí kíláàsì yẹn láìgba nǹkan kan.

Ohun tó yí i padà ni ìpàdé ẹgbẹ́. Mo bá àwọn aládùúgbò mi lóko sọ̀rọ̀. Ará Jàmáíkà tó wà lápá ọ̀tún mi ń gbìn ín, callaloo ló ń pè é. Ìyá ará Bangladesh tó wà ní ẹ̀yìn ń gbin èyí tó pupa, lal shak ni tiẹ̀. Ẹ̀fọ́ kan, orúkọ mẹ́ta. A jọ lọ sí ìpàdé, a ní kí wọ́n fún wa ní kíláàsì kan fún ẹ̀fọ́ ewé tí a ń sè, a sì gbé ìdì mẹ́ta dání. Wọ́n wò ó, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, àwọn bàbá wa ti wí. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e dé àwùjọ náà.

Bí ẹ ṣe máa gbé e lọ rèé. Ẹ ge tẹ̀tẹ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, kí ẹ sì ki ìdí rẹ̀ bọ omi lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí kan ni ewé rẹ̀ lè rọ láìsí omi, èyí tó bá sì ti rọ kò ní borí. Ẹ yan igi tó ga bákan náà, tí ewé rẹ̀ kò ní ihò. Slug, ìgbín aláìníkarahun yẹn, fẹ́ràn rẹ̀ ju bí a ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ẹ fi ìko dì í. Ẹ wá kọ káàdì kékeré sí i: orúkọ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, orúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti Amaranthus fún àwọn tó mọ èdè ọlọ́gbà. Ata rodo ní tirẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ pọ́n bákan náà, kí ìdí rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ nìkan ni mò ń gbìn. Ṣé mo lè wọ ti òdòdó?

Ẹ lè ti ní òdòdó lóko láìmọ̀. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tí wọ́n ń pè ní celosia, òdòdó lásán ni lójú àwọn ará ibí. Wọ́n ń tà á nínú ìkòkò ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùṣù orí rẹ̀ pupa, yẹ́lò, kò sì sí ẹni tó ń rò ó pé a lè sè é. Tẹ̀tẹ̀ náà ní ìbátan kan tí ìrù pupa rẹ̀ ń rọ̀ dé ilẹ̀; love-lies-bleeding ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ nínú ọgbà òyìnbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìgò lórí tábìlì òdòdó, mo dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni rí ará ilé lójú ọ̀nà àjò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́ kí ṣọkọ mi dàgbà kọjá ọbẹ̀, mo gé márùn-ún tó yọ òdòdó, mo gbé e sí kíláàsì òdòdó mìíràn. Ipò kẹta.

Tí ẹ bá fẹ́ ti wọn gan-an, dahlia ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn òdòdó náà, ibẹ̀ ni ewé tó ti ń kú máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni adájọ́ máa ń yẹ̀ wò.

Kéèkì àti jáàmù ńkọ́, àti ti àwọn ọmọdé?

Òfin pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kéèkì tí wọ́n ń pè ní Victoria sandwich, jáàmù raspberry nìkan ló ń wà láàárín rẹ̀, ṣúgà díẹ̀ lórí, kò sí kíríìmù. Bí àmì irin tí ẹ gbé e lé kó lè tutù bá hàn lára rẹ̀, máàkì ti lọ. Ìgò jáàmù, kí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan má wà lára ìdérí rẹ̀.

Ti àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ ṣe ẹranko. Ọmọ àbúrò mi fi ìdajì kábéèjì ṣe ìjàpá, ó fi radish ṣe orí rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ ìtàn ìjàpá àti ajá tó jalè iṣu fún.

Èló ni, èló sì ni ẹ̀bùn?

Kíláàsì kan kì í sábà tó póùn kan, ẹ̀bùn kìíní kì í ju póùn díẹ̀ lọ. Máàkì mẹ́ta fún ipò kìíní, méjì fún ìkejì, ọ̀kan fún ìkẹta, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń gba ife ẹ̀yẹ fún ọdún kan. RHS tún máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ tó bá a dá májẹ̀mú ní Banksian Medal, tí wọ́n fi orúkọ Joseph Banks sọ, ọ̀kan lára àwọn méje ti 1804.

Ṣé wọn kò ní ṣe ojúsàájú sí wa?

Ìbéèrè yìí máa ń dé pẹ̀lú ohùn kékeré, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n ń fi káàdì orúkọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irè oko. Adájọ́ kò mọ ẹni tó ni ín, láti ìlú mìíràn ló sì sábà máa ń wá. Gbogbo wa ni wọ́n ń lé jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn títí di aago méjì. Ìgbà tí wọ́n bá ti dájọ́ tán ni wọ́n ń yí káàdì lójú. Àwọn kan ti wò mí lójú ìwọ ta ni nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lẹ́nu tábìlì, àlùbọ́sà ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì rò pé wọ́n ṣì yín, ìwé ìlànà sọ ìgbà tí ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí ohun tí a gbé wá?

Ẹ lè kó tiyín lọ lẹ́yìn ìfúnni-lẹ́bùn. Ẹ̀fọ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀, wọ́n á lu ú ní gbànjo kí owó rẹ̀ lè wọ àpò ẹgbẹ́. Lọ́dún tí tẹ̀tẹ̀ mi gba ipò kìíní, bàbá tó fi ìka hàn mí nínú ìwé ìlànà lọ́jọ́sí ló san póùn mẹ́rin lórí ìdì kan. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń sè é. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pupa tí wọ́n fi fún mi ní ipò kìíní fún un: kí ó bọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ó fún omi rẹ̀ dànù, kí ó din ata àti àlùbọ́sà, kí ó má bẹ̀rù epo.

Mo fẹ́ kópa lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Àwọn tó ń gbin àlùbọ́sà ńlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbin irúgbìn sínú ilé tó móoru. Ata rodo, oṣù Kìíní tàbí Kejì, ní etí fèrèsé tó gbóná, torí ó máa pẹ́ kó tó pọ́n. Tẹ̀tẹ̀ kò fẹ́ òtútù: ẹ gbìn ín sábẹ́ ìbòrí nínú oṣù Karùn-ún, kí ẹ kó o lọ síta nínú oṣù Kẹfà nígbà tí ìrì dídì bá ti kúrò nílẹ̀. Ilá àti ewédú, àyàfi bí ẹ bá ní ilé onígíláàsì. Ewúro, inú ìkòkò, kí ẹ lè gbé e wọlé nígbà òtútù. Ní báyìí ná, ẹ wá ìpàtẹ tó sún mọ́ yín lọ ní oṣù Kẹjọ, ẹ rìn yí tábìlì ká, ẹ ka gbogbo káàdì, kí ẹ sì gba ìwé ìlànà ọdún yìí lọ́wọ́ akọ̀wé kí ẹ tó jáde.